Bí A Ṣe Ń Yan Efínrín fún Òróró: Láti Ẹ̀bá Oko dé Yàrá Àyẹ̀wò

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí ṣáá, ẹ̀yin tí ẹ ń fi efínrín ṣe ọṣẹ, ìpara, àgbo tàbí oògùn ẹ̀fọn: kí ló dé tí efínrín ẹ̀yìnkùlé mi ń run bíi táìmù, tí èyí tí mo rà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́wé sì ń run bíi kànáfùrù? Èwo gan-an ni ojúlówó nínú wọn?

Ojúlówó ni méjèèjì. Efínrín ńlá tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Ocimum gratissimum kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ irú ló wà nínú rẹ̀ tí ewé wọn jọra bí ìbejì, àmọ́ tí òróró inú ewé náà yàtọ̀ pátápátá. Ní Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin, irú tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí thymol pọ̀ nínú òróró rẹ̀. Thymol yìí náà ló ń mú táìmù run bó ṣe ń run. Ní Brazil, irú tí eugenol pọ̀ nínú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn mọ̀ dáadáa, alfavaca-cravo ni wọ́n ń pè é, nítorí pé eugenol ni òórùn kànáfùrù. Àwọn mìíràn tún wà tó ń run bí ewé tíì (lemongrass), torí pé citral ló wà nínú tiwọn.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ ṣa efínrín jọ láti ibi púpọ̀, kó fi wọ́n wéra, kó sì mú ọ̀kan tí òróró rẹ̀ bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ẹ ka oṣù mẹ́fà sí i. Ẹni tó bá fẹ́ èsì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó lọ wo apá ìparí, níbi tí mo kọ ọ̀nà kúkúrú sí.

## Ohun tó ń yí òróró padà

Nǹkan mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni irú, ìyẹn ohun tí igi náà jogún. Igi tó bá jogún thymol kò ní di eléugenol torí pé ẹ gbé e lọ sí ìlú mìíràn.

Èkejì ni ibi tó wà: oòrùn, ilẹ̀, omi, àti kòkòrò tó ń jẹ ewé rẹ̀. Ìwọ̀nyí ló ń sọ bóyá òróró náà yóò pọ̀ tàbí yóò kéré, wọ́n sì tún máa ń ti àwọn èròjà inú rẹ̀ sókè sódò.

Ẹ̀kẹta ni àsìkò: ọjọ́ orí ewé, bóyá igi ti yọ òdòdó, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn, kódà aago tí ẹ já a. Nínú efínrín oníkànáfùrù ní Brazil, àwọn olùwádìí rí i pé eugenol tó ga gan-an lọ́sàn-án gangan lè já wálẹ̀ gidigidi kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Nítorí náà, bí ẹ bá já ti ibi kan ní aago méje àárọ̀, tí ẹ já ti ibòmíràn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ kò tíì fi efínrín wé efínrín. Àárọ̀ ni ẹ fi wé ìrọ̀lẹ́.

Ìrísí náà ń yàtọ̀, àmọ́ kì í sábà bá òróró rìn. Efínrín tó wà lábẹ́ kòkó máa ń ní ewé gbàgẹ̀rẹ̀ tó fẹ́lẹ́. Tó bá jẹ́ gbangba ló wà, ewé rẹ̀ á kéré, á sì nípọn. Ẹ gé ẹ̀ka méjèèjì, ẹ gbìn wọ́n síbì kan náà, ìyàtọ̀ yẹn lè pòórá. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń tà á pé èyí tí igi rẹ̀ bá pọ́n bí àlùkò ló lágbára jù. Ẹ má gbà á títí ẹ ó fi sè é.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé kékeré àti pẹ́ńsù (bírò máa ń ṣàn bí òjò bá kàn án)
- Fóònù tó ń sọ ibi tí ẹ wà, tó sì lè ya àwòrán
- Rúlà, àti tépù táwọn aránṣọ ń lò
- Awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi
- Àpò bébà, ìwé ìròyìn àtijọ́, sẹ́lótéépù
- Ọ̀bẹ tó mú tàbí sísọ́ọ̀sì àwọn olódòdó
- Ọ̀rá ìgbìn, yẹ̀pẹ̀ àti iyanrìn
- Òṣùwọ̀n tó lè wọn gíráàmù kan
- Ìgò kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tí ìdérí rẹ̀ le

Ìkòkò tí a ó fi sè òróró máa wá lẹ́yìn. Ẹ má tíì ra nǹkan kan.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ rí i dájú pé efínrín ńlá ni

Èyí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Wọ́n á kó ewé mẹ́ta tó yàtọ̀ jọ, wọ́n á wá máa ṣe háà pé òórùn wọn kò bára mu.

1. Ẹ fọwọ́ kan igi rẹ̀. Igun mẹ́rin ló ní, ìdí rẹ̀ sì máa ń le bí igi gidi. Ó lè ga ju ènìyàn lọ.
2. Ẹ wo bí ewé ṣe jáde: méjì-méjì, wọ́n dojú kọ ara wọn. Etí ewé ní eyín wẹ́wẹ́, orí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó.
3. Ẹ wo òdòdó. Ó máa ń kéré, ó funfun tàbí kó ṣe bí àwọ̀ ewé díẹ̀, ó sì tò yí ẹ̀ka ṣóńṣó kan ká.
4. Ẹ fọ́ ewé, ẹ gbóòórùn rẹ̀.

Efínrín wẹ́wẹ́ kúrú ju èyí lọ, igi rẹ̀ rọ̀, kì í sì í pẹ́ láyé. Ìbátan ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ewéko kan tún wà tó ń hù sẹ́bàá ọ̀nà, tó jọ efínrín, tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ àlùkò, tí àpò èso rẹ̀ ní ẹ̀gún ṣóńṣó tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Bí iṣẹ́ yín bá máa dé ọ̀dọ̀ olùwádìí tàbí ẹni tó fẹ́ ra òróró lọ́pọ̀, ẹ tẹ ẹ̀ka kan tó ní ewé àti òdòdó sínú ìwé ìròyìn, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e lórí títí yóò fi gbẹ. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti mú un, ọjọ́, àti bí igi náà ṣe ga sí ara rẹ̀. Ilé ìkó-ewéko-pamọ́ tó wà ní FRIN (ilé ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀), Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, ń bá ènìyàn dá ewéko mọ̀, wọ́n sì ń fún un ní nọ́ńbà. Fásitì Ifẹ̀ àti ti Èkó náà ní tiwọn. Láìsí nọ́ńbà yẹn, ẹni tó bá ka èsì yín lè sọ pé kò dá òun lójú pé efínrín ni.

## Ìgbésẹ̀ 2: Yíyan ibi àti igi

Ẹ mú ibi márùn-ún ó kéré tán, kí wọ́n sì jìnnà síra. Ó dára kí ẹ mú ilẹ̀ igbó díẹ̀ àti ilẹ̀ ọ̀dàn díẹ̀, bí ẹsẹ̀ yín bá lè dé ibẹ̀. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ mú igi márùn-ún tí ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá wà láàárín wọn. Ìdí ni pé igi méjì tó fara kọ́ra lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, tàbí kó jẹ́ ẹ̀ka kan tó wó tó sì ta gbòǹgbò.

Púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní efínrín igbó, ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà kan tó ti di ahoro ni. Kò burú. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: «lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àtijọ́», «etí oko kòkó», «orí àkìtàn».

Kí ẹ tó gé nǹkan kan:

- Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni oko. Nínú igbó ọba, ìwé àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ẹ máa nílò.
- Ẹ má fa igi tu. Ẹ̀ka tó fi díẹ̀ gùn ju ìka lọ ti tó.
- Ẹ má já ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewé orí igi kan lọ.
- Ẹ yẹra fún ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ àti àkìtàn bí ẹ bá fẹ́ fi ewé náà ṣe ohun jíjẹ tàbí mímu. Fún ẹ̀ka gbígbìn, ìyẹn ò dí yín lọ́wọ́.

Ẹ fún igi kọ̀ọ̀kan lórúkọ kúkúrú, bíi ISY-1, ISY-2 fún Ìsẹ́yìn, OND-1 fún Oǹdó. Orúkọ yìí ni yóò máa tẹ̀ lé e láti oko dé inú ìgò. Ẹ kọ ọ́ sí ara sẹ́lótéépù lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á rántí kò ní rántí.

## Ìgbésẹ̀ 3: Kíkọ ìrísí sílẹ̀

Ẹ wọn nǹkan wọ̀nyí lórí igi kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì yí ọ̀nà tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n padà láàárín ọ̀nà:

1. Gíga igi, láti ilẹ̀ dé orí.
2. Gígùn àti fífẹ̀ ewé mẹ́wàá. Ẹ ka oríkèé láti orí ẹ̀ka wálẹ̀, kí ẹ mú ewé oríkèé ẹ̀kẹrin nígbà gbogbo. Bí ẹ bá ń mú èyí tó wù yín, ewé ńláńlá ni ọwọ́ yín yóò máa lọ bá.
3. Àwọ̀ igi: ewé, àlùkò, tàbí méjèèjì.
4. Irun ara ewé: ó dán, ó ní díẹ̀, ó ní púpọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ewé náà.
5. Oòrùn: gbangba, abẹ́ igi, tàbí láàárín méjì.
6. Ṣé ó ti yọ òdòdó? Ṣé ó ti so?

Ẹ fi awò wo ẹ̀yìn ewé. Ẹ ó rí àmì róbótó tíntìntín tó ń dán. Àpò òróró nìyẹn. Bí ẹ bá fọwọ́ pa ewé, àwọn ni ẹ fọ́. Iye wọn lè fún yín ní òye díẹ̀ nípa bí òróró ṣe pọ̀ tó, àmọ́ kò lè sọ irú òróró tó wà níbẹ̀.

Ẹ ya àwòrán mẹ́ta fún igi kọ̀ọ̀kan: igi lódindi, ewé pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti òdòdó. Ó tán.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ jẹ́ kí imú kọ́kọ́ ṣiṣẹ́

Imú kì í ṣe ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó lè ya ẹlẹ́táìmù sọ́tọ̀ kúrò lára oníkànáfùrù láìná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ wá ìgò kékeré mẹ́ta tó ní ìdérí. Ẹ fi kànáfùrù gígún sínú ọ̀kan, táìmù gbígbẹ sínú èkejì, ewé tíì tútù sínú ẹ̀kẹta. Ìwọ̀nyí ni ẹlẹ́rìí yín.

1. Ẹ ṣe é láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ata tàbí tó fín lọ́fínńdà kò gbọdọ̀ dá sí i.
2. Ẹ já ewé ẹ̀kẹrin, ẹ pa á lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìka, ẹ gbóòórùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.
3. Ẹ gbóòórùn ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kọ èyí tó sún mọ́ ọn jù.
4. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ mí afẹ́fẹ́ ìta, kí ẹ tó bọ́ sórí igi mìíràn.
5. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì mìíràn tún un ṣe, láìsọ ibi tí ewé ti wá fún wọn.

Bí ẹnu ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹnu wọn ò bá kò, ẹ kọ «kò dájú». Ìgbésẹ̀ tó kàn ló máa parí ẹjọ́ náà.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ gbìn wọ́n sórí ilẹ̀ kan náà

Bó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹ máa mú lò nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyí. Títí ẹ ó fi gbìn wọ́n pọ̀, ẹ kò lè mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ tí ẹ ń rí wá láti inú igi ni àbí láti inú ilẹ̀. Tí oòrùn kan náà bá ń pa wọ́n, tí òjò kan náà ń rọ̀ sí wọn, tí ilẹ̀ kan náà ń bọ́ wọn, ohun tó bá ṣì yàtọ̀ lẹ́yìn náà, inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló wà.

Ẹ̀ka ni kí ẹ gbìn o, ẹ má gbin irúgbìn. Oyin ń ti orí òdòdó kan bọ́ sórí òmíràn, nítorí náà ọmọ tí irúgbìn bá bí lè má jọ ìyá. Ẹ̀ka ò ní bàbá, ohun tí ìyá rẹ̀ jẹ́ lòun náà máa jẹ́.

Bí a ṣe ń mú ẹ̀ka ta gbòǹgbò

1. Ẹ gé ẹ̀ka tí kò rọ̀ jù, tí kò sì le jù, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, tó ní oríkèé mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èyí tó ti yọ òdòdó máa ń lọ́ra láti ta gbòǹgbò. Bí kò bá sí òmíràn, ẹ gé òdòdó náà kúrò.
2. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ fi méjì sílẹ̀ lókè.
3. Ẹ fi ìwé ìròyìn tútù wé e bí ẹ bá wà lójú ọ̀nà. Inú ọ̀rá tí wọ́n dì pa nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀, ooru á sè é.
4. Ẹ rì í sínú ìdajì yẹ̀pẹ̀ àti ìdajì iyanrìn, kí oríkèé méjì wọlẹ̀. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ máa bomi rin ín díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀.
5. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ fà á díẹ̀. Bó bá dì mọ́lẹ̀, ó ti ta gbòǹgbò nìyẹn.

Ẹ mú mẹ́fà lára igi kọ̀ọ̀kan, torí pé àwọn kan á kú.

Bí a ṣe ń tò ó sórí ebè

Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú tí oòrùn ń pa látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, kí igi kọ̀ọ̀kan ní aṣojú kan. Ẹ má tò wọ́n bí orúkọ wọn ṣe tẹ̀ léra. Ẹ kọ orúkọ wọn sí bébà, ẹ pò ó pọ̀ nínú ìgbá, ẹ máa fà á yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbìn ín bó bá ṣe jáde. Bí ẹ bá to ti Oǹdó sí apá ibi tí omi ń dúró sí, tí ẹ to ti Ìsẹ́yìn sí ibi gbígbẹ, ẹ ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sáàárín igi kan sí èkejì. Ẹ gbin efínrín lásán yí gbogbo ilẹ̀ náà ká, torí igi tó wà létí máa ń rí oòrùn ju ti àárín lọ. Àwọn tí ẹ gbìn yíká wọ̀nyẹn, inú ọbẹ̀ ni ẹ máa já wọn sí, ẹ kò ní kà wọ́n mọ́ iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ lo ajílẹ̀, iye kan náà fún gbogbo wọn ní ọjọ́ kan náà.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ẹ gé gbogbo wọn wálẹ̀ dé bí orúnkún, kí wọ́n tún rú. Ewé tó bá rú lẹ́yìn èyí ni a máa lò, torí ọjọ́ orí wọn ti dọ́gba. Ẹ tún ṣe Ìgbésẹ̀ 3 àti 4 lórí wọn. Ibí yìí ni ẹnu máa ń ya ènìyàn: ewé gbàgẹ̀rẹ̀ tó ti abẹ́ kòkó wá ti di ewé kékeré, àmọ́ oníkànáfùrù ṣì ń run bíi kànáfùrù.

## Ìgbésẹ̀ 6: Jíjá ewé

- Ẹ já gbogbo wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, lẹ́yìn tí ìrì ti gbẹ.
- Ẹ má já a lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀.
- Ẹ já a nígbà tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Bó bá ti so, òróró ewé máa ń dínkù.
- Ẹ ya ewé sọ́tọ̀ kúrò lára òdòdó àti igi. Òróró òdòdó àti ti ewé kì í dọ́gba, igi ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan nínú.

Tútù tàbí gbígbẹ? Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ má yà kúrò lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ gbígbẹ ni, inú ilé tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ máa yí i. Oòrùn gan-an máa ń lé òróró lọ. Òórùn dídùn tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí ẹ sá efínrín sórí páànù, owó yín ló ń fò lọ yẹn.

Ẹ mú 20 gíráàmù ewé tútù lára ti igi kọ̀ọ̀kan, ẹ gbẹ ẹ́ títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí mọ́, ẹ kọ ohun tó ṣẹ́kù. A máa lò ó láìpẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 7: Sísè òróró

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ògógóró ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí: ìkòkò lórí iná, páìpù tó gba inú omi tútù kọjá, ìgò lẹ́nu páìpù. Ohun tó yàtọ̀ ni pé a kò fẹ́ kí ewé wọ inú omi. Ẹ gbé àwo sítéẹ̀lì onííhò sínú ìkòkò, kí ewé wà lórí rẹ̀, kí omi wà nísàlẹ̀, kí ó jẹ́ ooru omi nìkan ló ń gba inú ewé kọjá.

Ẹ lo sítéẹ̀lì tí kì í dípẹtà, tàbí gíláàsì. Thymol àti eugenol máa ń bá irin tó dípẹtà jà, òróró yóò sì di pupa tàbí dúdú. Wọ́n tún máa ń jẹ rọ́bà àti ike, nítorí náà ẹ má fi ìgò omi ọlọ́rá gba òróró, ẹ má sì fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ dí ẹnu páìpù. Ìyẹ̀fun tí a pò mọ́ omi ń dí i dáadáa.

1. Ẹ wọn 500 gíráàmù ewé tútù láti ara àwọn aṣojú igi kan. Iye kan náà fún gbogbo wọn.
2. Ẹ gbé e ka iná. Láti ìgbà tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ bá ti kán, ẹ ka wákàtí méjì àti ààbọ̀ fún gbogbo wọn. Àwọn èròjà kan ń yára jáde, àwọn kan ń pẹ́. Bí ẹ bá gé ọ̀kan kúrú, òróró rẹ̀ á yàtọ̀ láìjẹ́ pé igi rẹ̀ yàtọ̀.
3. Ẹ máa pààrọ̀ omi tó yí páìpù ká. Bí ohun tó ń jáde bá ń gbóná, òróró ń sá lọ.
4. Ẹ má jẹ́ kí omi ìkòkò tán. Ewé tó jóná máa fún òróró ní òórùn èéfín tí kò ní lọ mọ́.
5. Ẹ jẹ́ kí ohun tó jáde tutù, kó sì tòrò. Òróró thymol máa ń léfòó. Ti eugenol ń ṣe agídí, torí eugenol fúnra rẹ̀ wúwo ju omi lọ: ó lè rì, ó lè dúró láàárín bí ìkùukùu. Ẹ má dà á nù pé kò sí òróró. Ẹ gbé e sínú fíríìjì mọ́jú, ẹ wo òkè, ẹ sì wo ìsàlẹ̀.
6. Ẹ fi sírínjì onígíláàsì fa òróró jáde sínú ìgò aláwọ̀ ilẹ̀, kó kún dé ọrùn. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́, aago tí ẹ já ewé àti iye òróró sí i lára. Fíríìjì ni ilé rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Bí 500 gíráàmù bá mú mílílítà 2 jáde, 2 pín sí 500, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ó jẹ́ 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ omi ló pọ̀ jù nínú ewé tútù, ti àsìkò òjò sì tún ju ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Ibí ni 20 gíráàmù tí ẹ gbẹ ti wúlò. Bó bá ku gíráàmù 4, ìdá kan nínú márùn-ún ewé yín ló jẹ́ ewé gidi. 500 gíráàmù yẹn dọ́gba pẹ̀lú 100 gíráàmù ewé gbígbẹ, òróró rẹ̀ sì jẹ́ 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí ni nọ́ńbà tí ẹ máa fi wé ti ẹlòmíràn.

Ẹ má retí ìgò ńlá. Kílò ewé tútù kan máa ń mú ìwọ̀nba mílílítà díẹ̀ jáde, ẹni tó bá ń ta lítà òróró efínrín fún yín ní iye tí ẹ fi ń ra òróró ìsebẹ̀ ti pò ó mọ́ nǹkan mìíràn.

## Ìgbésẹ̀ 8: Yàrá àyẹ̀wò

Ẹ̀rọ GC-MS ló máa sọ ohun tó wà nínú òróró lọ́kọ̀ọ̀kan àti iye tó jẹ́. Àwọn fásitì kan àti ilé àyẹ̀wò aládàáni ń ṣe é. Ó lówó díẹ̀, nítorí náà ẹ má kó ìgò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ẹ fi imú pín wọn sí ìsọ̀rí, kí ẹ mú ìgò kan tàbí méjì nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Mílílítà kan ti pọ̀ jù fún wọn.

Bí ẹ ṣe máa ka èsì:

- Bí thymol, p-cymene àti γ-terpinene bá wà níwájú, ẹlẹ́táìmù ni. Ẹ ro àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí ẹ tó sọ pé igi méjì yàtọ̀. Igi ń lo γ-terpinene láti fi ṣe thymol, nítorí náà àsìkò àti ọjọ́ orí ewé máa ń mú ọ̀kan lọ sókè, kí èkejì lọ sílẹ̀. Àpapọ̀ wọn dúró ṣinṣin ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ.
- Bí p-cymene bá ga ju bó ṣe yẹ lọ tí γ-terpinene sì kéré, ẹ bi ara yín léèrè bí òróró ṣe pẹ́ tó nínú ìgò tó fẹ́rẹ̀ ṣófo. Afẹ́fẹ́ máa ń sọ γ-terpinene di p-cymene.
- Bí eugenol bá ṣáájú, oníkànáfùrù ni.
- Bí thymol àti eugenol bá jùmọ̀ ga nínú ìgò kan, ẹ kọ́kọ́ fura sí ìkòkò tí ẹ kò fọ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn èyí, ẹ padà sórí ebè. Igi tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ̀ka rẹ̀ ni ẹ máa gbìn kún oko. Fún ọbẹ̀ àti ọṣẹ, ẹlẹ́táìmù ni èmi máa mú. Fún ìpara tí wọ́n ń fi pa oríkèé ara, ó wù mí kó jẹ́ oníkànáfùrù.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Fífi ewé ọjà ṣe ìpìlẹ̀. Ìdì kan ní ọjà Bódè, Ìbàdàn, lè ti oko mẹ́ta jáde. Ó dára fún àgbo, kò dára fún ìfiwéra.

Igi kan fún ìlú kan. Ẹ kò lè fi igi kan sọ pé «efínrín Ṣakí rí báyìí». Nínú oko kan náà, irú méjì lè wà.

Gbígbẹ́kẹ̀lé ìkórè kan. Ẹ tún un ṣe nínú òjò àti nínú ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹ tó ṣèlérí òórùn kan fún oníbàárà.

Pípa irúgbìn mọ́ dípò ẹ̀ka. Mo ti sọ ọ́, mo tún ń sọ ọ́.

## Ìkìlọ̀

- Òróró yìí kì í ṣe àgbo. Ẹ má mu ún. Ohun tó wà nínú ẹ̀kán díẹ̀ ti ju ti ọ̀pọ̀ ewé lọ.
- Ẹ má fi í pa ara lásán, ó máa ń jó ènìyàn. Ẹ fi òróró àgbọn là á: mílílítà kan sí mílílítà mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò nínú apá.
- Aboyún, ọmọ ọwọ́, àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n yẹra fún un. Eugenol lè fi kún iṣẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ náà.
- Bó bá ta sí ojú, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án, ẹ lọ sílé ìwòsàn.
- Ẹ má sè é nínú yàrá títì, ẹ má sì fi ọmọdé ṣọ́ iná.
- Ẹ má gbé ẹ̀ka tàbí irúgbìn kọjá ààlà láìgba ìwé lọ́wọ́ àwọn aṣọ́-ewéko ìjọba. Èyí kan ẹ̀yin tí ẹ ń ti Kétu àti Sákẹ́tẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin wọlé náà.

## Bí ẹ kò bá lè ṣe gbogbo rẹ̀

Kò sí ilẹ̀? Ẹ lo ọ̀rá ìgbìn tó tóbi dọ́gba, tí yẹ̀pẹ̀ kan náà kún inú wọn, ẹ máa yí ipò wọn padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kò sí ìkòkò? Ẹ rẹ gíráàmù 10 ewé gbígbẹ ti igi kọ̀ọ̀kan sínú òróró àgbọn tí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba nínú gbogbo ìgò, fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi imú wé wọn. Kò ní sọ iye òróró fún yín, àmọ́ ó máa ya oníkànáfùrù sọ́tọ̀.

Kò sí àkókò? Ìgbésẹ̀ 1 àti 4 ti tó láti mọ èyí tí ẹ fẹ́ gé ẹ̀ka rẹ̀ lónìí.

Ìlú òyìnbó ni ẹ wà? Ẹ gbìn ín sínú ìkòkò òdòdó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó rí oòrùn jù. Yìnyín máa pa á bó bá kù síta. Òórùn rẹ̀ máa fẹ́lẹ́ nígbà òtútù torí ìmọ́lẹ̀ kò tó. Ẹ fi ìgò mẹ́ta yẹn dán an wò nígbà ooru kí ẹ tó sọ pé kò dára.

Òkè-Ògùn ni ẹ wà, tí efínrín ọ̀dàn sì pọ̀ lọ́dọ̀ yín ju efínrín ńlá lọ? Lippia multiflora nìyẹn, ọ̀nà kan náà la fi ń ṣe é. Irú òróró tirẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ jù: ẹlẹ́táìmù wà, èyí tó ń run bí ewé tíì wà, èyí tó ń run bíi yúkálíptọ́ọ̀sì náà wà. Ẹ fi ìgò kẹrin kún àwọn ẹlẹ́rìí yín, kí ẹ fi ewé yúkálíptọ́ọ̀sì sínú rẹ̀, kí ẹ sì ka igi mẹ́wàá dípò márùn-ún ní ibi kọ̀ọ̀kan.